Granola Àfọwọ́ṣe fún Oúnjẹ Òwúrọ̀: Ìtàn Rẹ̀, Bí A Ti Ń Ṣe É àti Ìwọ̀n Adùn Rẹ̀

Granola ni oúnjẹ òwúrọ̀ tí a fi ọkà ọ́ọ̀tì, ẹ̀pà tàbí irúgbìn mìíràn, òróró díẹ̀ àti oyin pò pọ̀, tí a sì yan títí yóò fi gbẹ, tí eyín yóò sì lè rún un wómúwómú. A kì í sè é bí ẹ̀kọ. Wàrà tàbí yọ́gọ́ọ̀tì ni a ń dà sí i. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń rà á ní ilé ìtajà, pàápàá àwọn tí dókítà ti kìlọ̀ fún pé kí wọ́n dín ṣúgà kù. Ṣùgbọ́n orúkọ granola nìkan kò sọ oúnjẹ di oúnjẹ ìlera. Ohun tí a bù sí i, àti ìwọ̀n tí a bù, ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi dára kí a mọ bí a ti lè fi ọwọ́ ara wa ṣe é nílé.

Ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá

Láàárín àwọn tí ọ̀ràn ìlera jẹ lógún ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni oúnjẹ yìí ti jáde, àwọn onígbàgbọ́ sì wà nídìí rẹ̀. Sylvester Graham, òjíṣẹ́ ìjọ Presbyterian tí ó kú ní ọdún 1851, tẹnu mọ́ ọn pé kí àwọn ènìyàn máa jẹ búrẹ́dì tí a fi àlìkámà ṣe láì yọ èèpo rẹ̀. Ní ọdún 1863, Dókítà James Caleb Jackson, tí ó ní ilé ìtọ́jú ní Dansville, ní ìpínlẹ̀ New York, po irú ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀, ó yan án, ó fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, ó sì tún un yan. Ó pè é ní Granula. Ó le tó bẹ́ẹ̀ tí a fi gbọ́dọ̀ rẹ ẹ́ láti alẹ́ kí ó tó ṣe é jẹ ní òwúrọ̀.

Ìjọ Seventh-day Adventist dá ilé ìtọ́jú tiwọn sílẹ̀ ní Battle Creek, ní ìpínlẹ̀ Michigan, ní ọdún 1866. Dókítà John Harvey Kellogg di alábòójútó rẹ̀ ní ọdún 1876. Òun náà fi àlìkámà, ọ́ọ̀tì àti àgbàdo ṣe irú oúnjẹ yìí. Granula ni ó kọ́kọ́ pè é, ṣùgbọ́n nígbà tí orúkọ náà dá aáwọ̀ sílẹ̀ láàárín òun àti Jackson, ó yí i padà sí Granola. Ní àwọn ọdún 1960 ni irú èyí tí a mọ̀ lónìí, tí ó ní ọ́ọ̀tì àti oyin nínú, bẹ̀rẹ̀ sí gbilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ nípa ṣúgà

Ní ọdún 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí ṣúgà tí a ń fi kún oúnjẹ má ṣe kọjá ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí ara ń rí nínú oúnjẹ òòjọ́. Fún àgbàlagbà, èyí jẹ́ nǹkan bí 50 gíráàmù, tí í ṣe ṣíbí tíì 12. Àjọ náà ní ó sàn jù bí a bá lè dín in kù sí ìdajì. Oyin pẹ̀lú wà nínú ìṣirò yìí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé oyin kò kan ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ. Nígbà tí ẹ bá ń ra granola, ẹ ka ara páálí rẹ̀: ohun tí ó pọ̀ jù nínú oúnjẹ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kọ. Bí ṣúgà tàbí oyin bá wà lókè, ẹ ti mọ ohun tí ẹ fẹ́ jẹ.

Àwọn ohun èlò

Ife kan náà ni kí ẹ fi wọn gbogbo rẹ̀:

– ọ́ọ̀tì pẹlẹbẹ, tí kì í ṣe èyí tí a lọ̀ kúnná: ife 3
– ẹ̀pà tútù tí a ti ṣà: ife 1
– àgbọn tí a rin tí a sì sá gbẹ: ife 1
– ẹ̀gúsí bíbó: ìdajì ife
– òróró ẹ̀pà tàbí òróró àgbọn: ṣíbí ìjẹun 4
– oyin: ṣíbí ìjẹun 4
– iyọ̀: ìdajì ṣíbí tíì
– dàbínù tí a yọ kóró rẹ̀ tí a sì gé wẹ́wẹ́: ìdajì ife

Ṣíbí ìjẹun 4 jẹ́ ṣíbí tíì 12. Bí a bá pín granola yìí sí ọ̀nà 12, nǹkan bí ìdajì ife fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ṣíbí tíì oyin kan péré ni ó kan ìpín kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ lè yọ dàbínù kúrò, kí ó sì dín oyin kù sí ìdajì.

Bí a ti ń ṣe é

1. Ẹ tan ófùnù sí ìwọ̀n ooru 150°C.
2. Ẹ po ọ́ọ̀tì, ẹ̀pà, ẹ̀gúsí àti iyọ̀ pọ̀ nínú abọ́ ńlá. Ẹ po oyin àti òróró lọ́tọ̀, ẹ dà á sí i, kí ẹ sì rò ó títí yóò fi kárí.
3. Ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sínú pẹrẹsẹ ìyan-nǹkan. Ẹ yan án fún 30 sí 40 ìṣẹ́jú, kí ẹ máa rò ó ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, nítorí oyin tètè máa ń jó. Ẹ fi àgbọn sí i nígbà tí ó bá ku ìṣẹ́jú 10.
4. Nígbà tí ó bá pọ́n díẹ̀, ẹ gbé e jáde. Yóò ṣì rọ̀. Bí ó bá ti ń tutù ni yóò máa le.
5. Ẹ fi dàbínù sí i. Nígbà tí ó bá tutù pátápátá ni kí ẹ tó dé e mọ́ inú ike tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀. Bí a bá dé e nígbà tí ó ṣì gbóná, ooru yóò di omi nínú rẹ̀, yóò sì bu. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹni tí kò ní ófùnù lè lo ìkòkò fífẹ̀ lórí iná tí kò pọ̀. Kí ó kọ́kọ́ yan ẹ̀pà, kí ó wá yan ọ́ọ̀tì àti ẹ̀gúsí láìdáwọ́ rírò dúró. Oyin àti òróró ni yóò dà sí i kẹ́yìn, fún ìṣẹ́jú díẹ̀.

Àwọn ìkìlọ̀

Ẹ ṣa ẹ̀pà dáadáa. Èyí tí ó ti bu tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ ti yí padà lè ní májèlé tí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, yíyan kò sì lè mú un kúrò tán. Ẹ má ṣe fi oyin fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Ẹ má sì ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní odidi ẹ̀pà, kí ó má bàa há a lọ́fun. Bí ẹ bá ń gbé granola lọ sí ìpàdé ìjọ, ẹ kọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sára ike rẹ̀, nítorí àwọn kan wà tí ẹ̀pà lè ṣe ní ìjàǹbá ńlá.

Oúnjẹ tí ó ní agbára púpọ̀ ni granola, kì í ṣe ohun tí a ń bù kún abọ́. Ìdajì ife, pẹ̀lú yọ́gọ́ọ̀tì tí kò ní ṣúgà àti ìbẹ́pẹ tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, tó ẹnì kan í jẹ ní òwúrọ̀. Ẹni tí ó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ ní láti bi dókítà rẹ̀ nípa ìwọ̀n tí ó yẹ ẹ́, nítorí ọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀ pẹ̀lú máa ń di ṣúgà nínú ara.