Ẹni tuntun nínú gbàǹjo orí íntánẹ́ẹ̀tì: Ṣé kí ọlọ́jà gbà á gbọ́ ni, àbí kó lé e?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ rí fún ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ń ta nǹkan àtijọ́ ní gbàǹjo lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọlọ́jà yóò gbé sítáǹpù àtijọ́, owó onírin tàbí ère síta, àwọn èèyàn yóò sì máa dá owó lé e fún ọjọ́ méje. Nígbà tí gbàǹjo bá parí, ẹni tí owó rẹ̀ ga jù lọ yóò wá jẹ́ ẹni tí kò ra nǹkan kan rí níbẹ̀. Òdo ni yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Ọlọ́jà yóò wá máa bi ara rẹ̀ léèrè pé, ṣé oníbàárà gidi rèé, àbí gbájú-ẹ̀?

Kí ìdáhùn tó lè wà, ó dára kí èèyàn mọ ibi tí òdo náà ti wá. Ọdún 1995 ni Pierre Omidyar dá ọjà tí gbogbo ayé mọ̀ sí eBay lónìí sílẹ̀ ní ìlú San Jose, ní ìpínlẹ̀ California, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. AuctionWeb ni wọ́n ń pè é nígbà náà, ọdún 1997 ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n tà níbẹ̀ ni iná lésà kékeré kan tó ti bàjẹ́. Dọ́là 14 àti sẹ́ǹtì 83 ni ẹnì kan rà á, nítorí pé irú èyí tó bàjẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ni onítọ̀hún ń kó jọ.

Nítorí pé ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà kì í fojú kan ara wọn, wọ́n gbé ètò kan kalẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1996. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá yìn lẹ́yìn kárà-kátà, ènì kan ni yóò gbà. Ẹni tí wọ́n bá bá wí, wọn yóò yọ ọ̀kan kúrò nínú tirẹ̀. Bó bá pé mẹ́wàá, wọn yóò fún un ní ìràwọ̀. Èyí fi hàn pé òdo kì í ṣe àmì ẹ̀ṣẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn ti bẹ̀rẹ̀, àti ọlọ́jà pàápàá.

Àmọ́ ẹ̀rù tó ń ba àwọn ọlọ́jà kò ṣàì nídìí. Ní ọdún 1999, ọmọkùnrin ọlọ́dún 13 kan ní ìpínlẹ̀ New Jersey dá owó tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là lé oríṣiríṣi ọjà lórí eBay. Kò ní owó náà, àwọn òbí rẹ̀ kò sì mọ̀. Àwọn mìíràn kì í ṣe ọmọdé, wọn kò kàn mọ̀ pé àdéhùn ni iye tí èèyàn bá dá lé ọjà, eré ni wọ́n pè é. Ọ̀daràn ni àwọn tó kù, tí wọ́n ń fi káàdì olóhun rajà.

Síbẹ̀, kí ọlọ́jà má rò pé ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ pọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ìfura. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2008 ni eBay ti fòfin dè é pé kí ọlọ́jà kọ ọ̀rọ̀ ìbáwí nípa ẹni tó bá rajà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyìn nìkan ló lè kọ. Nítorí náà, ẹni tó ń rajà lè ní ìyìn 100 nínú 100, kó sì ti dá ọ̀pọ̀ ọlọ́jà lágara. Ìràwọ̀ kì í sanwó.

Ohun mìíràn tún wà. Ọjà àtijọ́ gan-an ló máa ń fa ẹni tuntun wọlé. Ẹ jẹ́ kí á mú sítáǹpù Èkó ṣe àpẹẹrẹ. Ọdún 1874 ni ìjọba amúnisìn Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í lo sítáǹpù tirẹ̀, tí orí Ọbabìnrin Victoria wà lára rẹ̀. Ní ọdún 1906, wọ́n da Èkó pọ̀ mọ́ Gúúsù Nàìjíríà. Ọmọ Èkó kan tó ń gbé ní London lè rí irú sítáǹpù bẹ́ẹ̀, kó forúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà nítorí rẹ̀ nìkan, kó sì dá owó tó ju ti gbogbo èèyàn lọ lé e. Ọlọ́jà tó bá lé e nítorí òdo ti lé oníbàárà tó mọyì ọjà náà jù. Bákan náà ni ọlọ́jà tó bá kọ orúkọ Nàìjíríà mọ́ àwọn ilẹ̀ tí òun kì í fi ọjà ránṣẹ́ sí: ó ti ilẹ̀kùn mọ́ olè, ó sì ti í mọ́ olóòótọ́.

Kí wá ni ọlọ́jà lè ṣe? Àkọ́kọ́, kó tó gbé ọjà síta, kó lo ètò tí eBay fi ń dènà àwọn tí wọ́n ti kọ̀ láti sanwó lẹ́ẹ̀mejì. Ó tún lè dín iye ọjà tí ẹni tí ènì rẹ̀ kò ju márùn-ún lọ lè rà kù.

Ìkejì, kó kọ̀wé kúkúrú sí ẹni tuntun náà, kó kí i, kó sì ṣàlàyé bí owó ọjà àti owó ìfiránṣẹ́ yóò ṣe jẹ́. Olóòótọ́ sábà máa ń dáhùn.

Ìkẹta, kó má ṣe fi ọjà ránṣẹ́ láìtíì gbowó, nítorí àwìn nìyẹn. Bí ọjọ́ mẹ́rin bá kọjá tí owó kò wọlé, ọlọ́jà lè fagi lé títà náà, kó sì fi ọjà lọ ẹni tí owó rẹ̀ tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́.

Ìkẹrin, ẹnikẹ́ni tó bá fi sọ̀wédowó tó ju iye ọjà lọ ránṣẹ́, tó ní kí wọ́n dá èyí tó ṣẹ́kù padà fún òun, kí ọlọ́jà sá fún un. Ilé ìfowópamọ́ lè kọ́kọ́ san owó náà, kí wọ́n tó mọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan pé ayédèrú ni sọ̀wédowó ọ̀hún. Ọrùn ọlọ́jà ni gbèsè rẹ̀ yóò wà.

Ìkarùn-ún, àdírẹ́sì tó wà lórí ìwé ọjà nìkan ni kí ẹrù lọ, kó sì ní nọ́ńbà tí wọ́n lè fi tọpa rẹ̀. Bí owó ọjà bá tó dọ́là 750, kí ẹni tó gbà á buwọ́ lùwé.

Ẹni tuntun náà ní ojúṣe tirẹ̀. Kó kọ́kọ́ ra nǹkan kéékèèké, kó sanwó lọ́jọ́ tí gbàǹjo bá parí, kó má sì dá iye tí apá rẹ̀ kò ká lé ọjà.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n owó tó wọlé àti ẹrù tó dé ọwọ́ ẹni tó ni ín ló yẹ kí ọlọ́jà máa ṣọ́, kì í ṣe òdo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ.