Ọ̀nà Tí Fáìlì Ń Gbà Wọ Ìrántí: Láti DDT dé DEBUG

Ẹnu àwọn tó ń kọ̀wé nípa DEBUG, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wá àṣìṣe ètò lórí DOS, kò kò. Àwọn kan ní Microsoft ló ṣe é. Àwọn mìíràn ní DDT, irinṣẹ́ irú rẹ̀ lórí ètò ìṣiṣẹ́ CP/M, ni wọ́n wò kọ ọ́.

Ti Microsoft kò rí bẹ́ẹ̀. Tim Paterson ló kọ ọ́ ní Seattle Computer Products, ó sì bá ètò ìṣiṣẹ́ 86-DOS wọ ọwọ́ Microsoft nígbà tí wọ́n ra 86-DOS ní 1981.

Ti DDT ló yẹ kí a fara balẹ̀ wò. Láti 1961 ni orúkọ yẹn ti wà lórí kọ̀ǹpútà PDP-1 ní MIT. Nínú DDT ti Gary Kildall, ẹni tó ṣe CP/M, àṣẹ I ló ń gba orúkọ fáìlì, tó ń fi í sí àdírẹ́sì 5C. R ló ń gbé fáìlì náà wọ ìrántí, láti 100 ní òǹkà onímẹ́rìndínlógún. Nínú DEBUG, N ló ń gba orúkọ, 5C náà ló ń fi í sí. L ló ń gbé fáìlì wọlé, 100 náà ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìjọra yìí kì í ṣe èèṣì: Paterson mọ̀ọ́mọ̀ ṣe 86-DOS kí ètò CP/M lè rọrùn láti kó wá síbẹ̀.

Síbẹ̀, iṣẹ́ tuntun wà níbẹ̀, òun sì ni àwọn òǹkọ̀wé máa ń fò. DDT kò lè kọ fáìlì padà sórí dísíìkì. Ẹni tó ń lò ó gbọ́dọ̀ jáde, kó fúnra rẹ̀ ṣírò iye ojú ewé oníbáìtì 256, kó tó lo SAVE. DEBUG ń bá a kà á: bí fáìlì bá jẹ́ báìtì 300, rẹ́jísítà CX á fi 012C hàn, àṣẹ W á sì kọ iye yẹn gan-an padà.

W kì í gba fáìlì EXE, torí pé DEBUG ti tún àdírẹ́sì inú rẹ̀ ṣe bó ṣe ń gbé e wọlé. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà á kọ́kọ́ yí ìparí orúkọ fáìlì náà padà. L tún lè ka dísíìkì láìsí orúkọ kankan: L 100 0 0 1 ń gbé sẹ́kítọ̀ àkọ́kọ́ dísíìkì A wọlé. Ẹni tó bá ṣèèṣì tẹ W dípò L níbẹ̀ lè ba dísíìkì náà jẹ́.

Lára irinṣẹ́ irú rẹ̀ tó dé lẹ́yìn náà, GDB, tí Richard Stallman bẹ̀rẹ̀ ní 1986, ń lo àṣẹ restore láti gbé fáìlì wọ ìrántí. WinDbg ń lo .readmem. Windows oníbíìtì 64 kò ní DEBUG mọ́, ṣùgbọ́n FreeDOS ṣì ní tirẹ̀.