Orúkọ Tó Yẹ Àyè tí SSD Kì í Jẹ́ Ká Fọwọ́ Kàn

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àwọn ará Toshiba ní Jàpáànù pàápàá, níbi tí Fujio Masuoka ti ṣe ìrántí tó wà nínú SSD (ohun tí kọ̀ǹpútà ń kó fáìlì pamọ́ sí) òde òní, wo bó ṣe ń pa ohun tí a kọ rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà bí iná kámẹ́rà, kí wọ́n tó pè é ní flash.

Nínú ìrántí yìí, ojú-ewé ni mo pe ibi tó kéré jù tí a lè kọ nǹkan sí, ìdì sì ni ọ̀pọ̀ ojú-ewé tó so pọ̀, nítorí pé ojú-ewé kan ṣeé kọ lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n kò ṣeé pa rẹ́ lọ́tọ̀: àfi kí a kó èyí tó ṣì wúlò nínú ìdì náà lọ síbòmíràn, kí a tó nu gbogbo ìdì. Ìpalẹ̀mọ́ nìyẹn. Ìkọ̀wé tí SSD ń ṣe lé ohun tí a rán an, nítorí ìpalẹ̀mọ́ yìí, ni mo pè ní àkọkún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni àyè tí àwọn tó ṣe SSD fi pamọ́ fún oníbàárà. Èyí tí páálí rẹ̀ pè ní gígábáìtì 240 lè ní 256 nínú. Bí a bá pe 16 tó kù ní ènì, a ṣìnà, nítorí ọwọ́ oníbàárà ni ènì ń bọ́ sí. Àṣẹ́kù kò bá a mu, ẹnikẹ́ni kò jẹ ẹ́ kù. Ìpamọ́ ìbá dùn, bí kì í bá ṣe pé gbogbo SSD ni ibi ìpamọ́. Àyè àfisílẹ̀ ni mo fara mọ́, nítorí ìmọ̀ọ́mọ̀ wà nínú rẹ̀.

Bí àyè náà bá gbòòrò, ojú-ewé tó wúlò tí a ó kó kúrò nínú ìdì tí a fẹ́ nù yóò kéré. Àkọkún yóò dínkù, ìkọ̀wé yóò yá, àwọn ìdì, tí iye ìgbà tí wọ́n lè fara da ìparẹ́ níwọ̀n, yóò sì pẹ́ kí wọ́n tó gbó. Ṣùgbọ́n SSD tó kún dẹ́nu kò níbi yí sí: àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ohun tó mú kí àwọn tó mọṣẹ́ máa fi díẹ̀ lára SSD tuntun sílẹ̀ láìpín nìyí, kí ó lè jẹ́ àfikún sí àyè àfisílẹ̀.

Ní ti TRIM, àṣẹ tí kọ̀ǹpútà fi ń sọ fún SSD pé fáìlì kan kò wúlò mọ́, n kò túmọ̀ rẹ̀. Orúkọ àṣẹ ni, bó ṣe rí ni kí a fi í sílẹ̀.