Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Di Olùkọ́ Ṣẹ́ẹ̀sì

Kò sí ẹni tí kò mọ ayò nínú wa. Ihò méjìlá, ọmọ 48, ènìyàn méjì tó jókòó kojú ara wọn. Eré kan wà tó jọ ọ́ ní ti pé orí ni a fi ń ta á, kì í ṣe agbára. Láti ilẹ̀ Íńdíà ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní chess, àwọn Faransé ń pè é ní échecs. Nínú ìwé yìí, ṣẹ́ẹ̀sì ni a ó máa pè é.

Pátákó rẹ̀ ní ojú ilé 64, funfun àti dúdú. Olúkúlùkù ní ọmọ 16: ọba kan, ayaba kan, ẹlẹ́ṣin méjì, ilé ìṣọ́ méjì, ọmọ ogun mẹ́jọ, àti méjì tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní bíṣọ́ọ̀bù. Àwọn Faransé kò pè é ní bíṣọ́ọ̀bù o, wèrè ni wọ́n ń pè é! Kí olúkúlùkù mú èyí tó bá wù ú. Bí o bá há ọba ẹnìkejì mọ́ tí kò rí ibi sá sí, o ti jẹ.

Ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti fẹ́ kí ẹ̀rọ ta ṣẹ́ẹ̀sì. Ní 1770, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Wolfgang von Kempelen fi ère kan tó gbẹ́ han ayaba Maria Theresa ní ìlú Vienna. Ère náà wọ láwàní bí ará Tọ́kì. Ó jókòó sẹ́yìn àpótí ńlá kan, pátákó ṣẹ́ẹ̀sì sì wà lórí àpótí náà. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, wọn a ṣí ilẹ̀kùn àpótí, kí gbogbo ènìyàn rí i pé irin àti kẹ̀kẹ́ ló kún inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ère a na ọwọ́, a gbé ọmọ, a sì jẹ. Ní 1809, Napoleon Bonaparte, ọba ńlá ilẹ̀ Faransé, bá a ta, ère sì jẹ ẹ́. Ẹ̀tàn ni. Ènìyàn kan tó gbọ́n nínú ṣẹ́ẹ̀sì ló ká jọ sínú àpótí náà, pẹ̀lú àbẹ́là. Ó lé ní ọgọ́rin ọdún tí ère yìí fi wà, kí iná tó jó o ní Philadelphia, ní Amẹ́ríkà, ní 1854.

Ẹ̀rọ tòótọ́, tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀, dé ní 1912. Ará Sípéènì kan, Leonardo Torres Quevedo, ló ṣe é. Ìparí eré nìkan ló mọ̀: ọba àti ilé ìṣọ́ kan lòdì sí ọba kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n èyí tó mọ̀ yẹn, ó mọ̀ ọ́n dájú.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kọ̀ǹpútà dé, ẹ̀rọ tí àwọn tó gbọ́ Faransé láàárín wa ń pè ní ordinateur. Kọ̀ǹpútà kì í dá ṣe nǹkan kan. Ènìyàn ní láti kọ àṣẹ fún un, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Àkójọ àṣẹ bẹ́ẹ̀ ni a ń pè ní ètò. Ní 1950, Claude Shannon, ará Amẹ́ríkà, kọ ìwé nípa bí ètò ṣẹ́ẹ̀sì ṣe yẹ kó rí. Ó ní kí ẹ̀rọ ka iye ọmọ: ọmọ ogun 1, ẹlẹ́ṣin 3, bíṣọ́ọ̀bù 3, ilé ìṣọ́ 5, ayaba 9. Kí ó wo iwájú, kí ó wo ohun tí ẹnìkejì lè ṣe, kí ó tó yan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Alan Turing kọ ètò tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí kọ̀ǹpútà tó lè gbé e. Ní 1952, ó fi bébà ta á. Òun fúnra rẹ̀ ń ṣírò bí ẹ ̀rọ yóò ti ṣírò, ìgbésẹ̀ kan lè gbà á ní ìdajì wákàtí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ ẹ́.

Títí di ìgbà yìí, ẹ̀rọ ni ènìyàn ń kọ́. Ìgbà wo ni ẹ̀rọ wá bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ènìyàn? Ibí ni ọ̀rọ̀ ti dùn.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ṣẹ́ẹ̀sì dáadáa ní láti wo eré tí àwọn ògbóǹtagí ti ta sẹ́yìn. Láyé àtijọ́, inú ìwé àti ìwé ìròyìn ni wọ́n ti ń wá a, wọn a dà á kọ sórí káàdì kéékèèké. Ilẹ̀ Rọ́ṣíà ní irú ìwé àti olùkọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń borí. Ọmọ tó wà ní ìlú jíjìn, tí kò ní ìwé, ibo ni yóò ti rí i?

Ní 1985, Garry Kasparov bá ẹni mẹ́jọ láti inú ẹgbẹ́ kan ní Hamburg, ní Jámánì, ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá jẹ gba máàkì kan. Bí ó bá di ọ̀mì, olúkúlùkù gba ìdajì. Kasparov gba 3½, wọ́n gba 4½. Ojú tì í. Lẹ́yìn náà, ọ̀dọ́kùnrin ará Jámánì kan, Matthias Wüllenweber, kọ ètò tí wọ́n pè ní ChessBase. Ètò yìí kì í ta ṣẹ́ẹ̀sì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tọ́jú eré, kí ó sì wá a jáde kíákíá. Ní 1987, Kasparov fi í wo bí àwọn tí yóò kojú ṣe ń ta, ó sì padà sí Hamburg. Lọ́tẹ̀ yìí, 7 sí 1 ni.

Ní 1997, ní New York, Deep Blue, kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ IBM, borí Kasparov fúnra rẹ̀, 3½ sí 2½. Àwọn kan sọ pé ṣẹ́ẹ̀sì ti kú nìyẹn. Kò kú. Stockfish, tó dé ní 2008, lágbára ju Deep Blue lọ, ọ̀fẹ́ sì ni. Ní 2010, ará Faransé kan, Thibault Duplessis, dá Lichess sílẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè fi tẹlifóònù kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì láìsan kọ́bọ̀.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ èrò mi gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń kọ́ àgbàlagbà ní ìwé. Ẹ̀rọ yìí a sọ pé, “Gbé ẹlẹ́ṣin síbí.” Kò ní sọ ìdí rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń wo ìdáhùn lẹ́yìn ìwé ìṣirò yóò gba gbogbo rẹ̀ nílé, ṣùgbọ́n bí ó bá dé ọjà, ṣéńjì yóò dà á láàmú. Gukesh, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà, di ọ̀gá àgbáyé ní oṣù Desẹ́ńbà 2024, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 18. Olùkọ́ rẹ̀ kò jẹ́ kó fọwọ́ kan ẹ̀rọ tó ń sọ ìdáhùn títí ó fi di ògbóǹtagí. Ó ní kí ó kọ́kọ́ fi orí ara rẹ̀ rò ó.

Ẹ̀rọ náà kò sì fi ayò sílẹ̀. Ní 2002, John Romein àti Henri Bal, ní Amsterdam, kó kọ̀ǹpútà púpọ̀ jọ láti ṣírò awari, eré tó jẹ́ ìbátan ayò: ihò 12, ọmọ 48. Wọ́n wo gbogbo ọ̀nà tí ọmọ lè gbà wà nínú ihò, ó lé ní bílíọ̀nù 889. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí ẹni méjèèjì kò bá ṣì í ta rárá, ọ̀mì ni yóò já sí.