Ẹ̀ṣẹ̀ Àbínibí àti Oore-ọ̀fẹ́: Àríyànjiyàn Augustine àti Pelagius

Ó ti pẹ́ tí ìjọ Àríwá Áfíríkà ti ń ṣèrìbọmi fún ọmọ ọwọ́ kí àríyànjiyàn tó bẹ́ sílẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún karùn-ún. Ìjọ gbà pé nítorí ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀ ni ìrìbọmi ṣe wà. Ẹ̀ṣẹ̀ wo wá ni ọmọ tí kò mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì dá? Orí ìbéèrè yìí ni Augustine àti Pelagius ti pínyà.

Láti Bìrìtéènì ni Pelagius ti wá sí Róòmù. Ó bá àwọn ọlọ́rọ̀ tó ń jẹ́ Kristẹni níbẹ̀, tí ìwà wọn kò yí padà, tí wọ́n sì ń fi àìlera ẹ̀dá ṣe àwáwí. Ó ní Ọlọ́run kì í pàṣẹ ohun tí apá ènìyàn kò ká. Àpẹẹrẹ burúkú ni Ádámù fi lélẹ̀, kò kó ẹ̀bi ran ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n kó Róòmù ní 410, ó kọ lẹ́tà sí Demetrias, ọmọ ìdílé Anicii tó yàn láti wà ní wúńdíá, ó ní kó lo ire tí Ẹlẹ́dàá fi sínú rẹ̀. Agbéraga ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ń pè é. Èmi rò pé ìwà mímọ́ ìjọ ló ká a lára.

Síbẹ̀, Augustine ló mọ inú ènìyàn jù. Thagaste, ní Àlgéríà òde òní, ni wọ́n ti bí i ní 354, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù Hippo. Nínú ìwé kejì Ìjẹ́wọ́ rẹ̀, ó ròyìn bí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe jí èso pía nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ebi kò pa wọ́n. Ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n da púpọ̀ rẹ̀ fún. Olè jíjà náà gan-an ló wù ú. Bí ìfẹ́ ọkàn bá ti wọ́ báyìí, ìmọ̀ràn àti òfin nìkan kò lè tún un ṣe. Oore-ọ̀fẹ́ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò ó sàn.

Síńọ́ọ̀dù, ìyẹn ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù, tó wáyé ní Diospolis dá Pelagius láre ní 415. Ti Carthage dá a lẹ́bi ní 418. Augustine tẹ̀ lé ẹ̀kọ́ rẹ̀, pé gbogbo ènìyàn ló jogún ẹ̀bi Ádámù, dé òpin: ọmọ tó kú láìṣèrìbọmi kò ní wọ ìjọba Ọlọ́run, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyà tirẹ̀ ló fúyẹ́ jù. Ibí ni mi ò ti lè bá a lọ. Julian, bíṣọ́ọ̀bù Eclanum, bi í pé irú ìdájọ́ òdodo wo nìyẹn, Augustine sì kú ní 430 kó tó parí ìwé tó fi ń dá a lóhùn. Ní 2007, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ Ọlọ́run ti ìjọ Kátólíìkì sọ pé ìdí wà láti ní ìrètí ìgbàlà fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì kò gba ọ̀nà Augustine yìí rárá. Lójú wọn, ikú àti ìdibàjẹ́ la jogún lọ́dọ̀ Ádámù, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ìwòsàn àti ìpín nínú ìyè Ọlọ́run ni ìgbàlà.

Ẹ̀kọ́ tó dé ilẹ̀ Yorùbá lórí ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ àdàlù. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì tó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1842 mú ẹ̀kọ́ Wesley, olùdásílẹ̀ wọn, wá: a bí gbogbo ènìyàn nínú ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n oore-ọ̀fẹ́ ti ń ṣiṣẹ́ lọ́kàn olúkúlùkù kó lè jẹ́ ìpè Ọlọ́run. Àwọn Áńgílíkà ní àkọsílẹ̀ kẹsàn-án nínú àkọsílẹ̀ ìgbàgbọ́ mọ́kàndínlógójì wọn, èyí tó dárúkọ àwọn ọmọlẹ́yìn Pelagius tó sì ta kò wọ́n. Àwọn Onítẹ̀bọmi, tí míṣọ́nnárì wọn, Bowen, ṣáájú wọn dé ní 1850, kì í ṣèrìbọmi fún ọmọ ọwọ́. Àṣìṣe ni láti torí èyí kà wọ́n mọ́ Pelagius: wọ́n gbà pé ìwà ẹ̀dá ti bàjẹ́ láti ìṣubú Ádámù. Ìgbàgbọ́ tí ẹnì kan fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ ni wọ́n ń dúró dè kí wọ́n tó rì í bọmi.