Màmá Ní A Jí Owó Òun: Ìtàn Àrùn Ìgbàgbé Láti Jámánì Dé Yaba

  

Lọ́jọ́ kan nílé wa ní Surulere, ìyá bàbá mi nawọ́ sí ìyá mi, wọ́n ní, "Olè! Ìwọ lo jí owó mi." Ìyá mi bú sẹ́kún. Inú ìrọ̀rí Màmá lowó náà wà, àwọn fúnra wọn ni wọ́n fi síbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọ́n á di ẹrù, wọ́n ní àwọn ń lọ sílé. Aládùúgbò kan wá ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé arúgbó tó ń dá sọ̀rọ̀ lóru kì í ṣe ojú lásán. Ẹ mọ ohun tó fẹ́ pè wọ́n: àjẹ́. Ká má parọ́, èmi náà ti jágbe mọ́ wọn rí.

Ìtàn ló là mí lójú. Ní 1901, wọ́n gbé obìnrin ẹni ọdún 51 kan, Auguste Deter, lọ sí ilé ìwòsàn ní Frankfurt, Jámánì. Kì í ṣe ìgbàgbé ló kọ́kọ́ hàn lára ẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń jowú ọkọ ẹ̀ láìnídìí ni. Lẹ́yìn náà ló ń gbé nǹkan pamọ́, tó ń pariwo pé wọ́n fẹ́ pa òun. Nígbà tó kú ní 1906, dókítà ẹ̀, Alois Alzheimer, yẹ ọpọlọ ẹ̀ wò, ó sì rí i pé ó ti bàjẹ́, ó ti sún kì. Ní 1907 ni àkọsílẹ̀ ẹ̀ jáde.

Ní 1907 yẹn kan náà ni ìjọba amúnisìn ṣí ilé wèrè ní Yaba, ibi tí gbogbo wa fi ń ṣàwàdà lónìí pé "Yaba Left". Nígbà yẹn, ìtìmọ́lé ló jẹ́ ju ìtọ́jú lọ. Ó di 1954 kí Adeoye Lambo tó bẹ̀rẹ̀ nǹkan míì ní Arò, Abẹ́òkúta: aláìsàn àti ẹbí ẹ̀ jọ ń gbé abúlé tó wà nítòsí, wọ́n sì ń gba ìtọ́jú.

Àwọn kan rò pé àrùn òyìnbó ni. Rárá o. Ní 1992, Benjamin Osuntokun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé àwọn àgbàlagbà ọdún 65 sókè n'Íbàdàn, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis, Amẹ́ríkà. Èsì 2001 fi hàn pé lọ́dọọdún, ìdá 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún ni àrùn náà ń mú n'Íbàdàn, 3.24 ní Amẹ́ríkà. Tiwa kéré, àmọ́ ó wà.

Ní 1996, àwọn onímọ̀ àgbáyé panu pọ̀ sọ pé ìfura, ìbínú, ìrìnkiri àti àìsùn jẹ́ ara àrùn náà gan-an. Káàkiri ayé, irú ìwà yìí wà lára ohun tó ń mú kí ẹbí gbé arúgbó lọ sílé ìtọ́jú, irú èyí tó wà ní Yaba àti Regina Mundi ní Mushin. Nítorí náà, bí ìwà arúgbó bá ṣàdédé yí padà, ẹ má sáré wá wòlíì. Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò: ìrora, òùngbẹ, ìgbẹ́ tó há, tàbí àkóràn nínú ìtọ̀ lè dá a sílẹ̀. Ẹ má bá a jiyàn.

Nílé wa, bí Màmá bá ti di ẹrù báyìí, màá tan iná, màá jókòó tì wọ́n, màá ní, "Màmá, ẹ sọ bí ilé yẹn ṣe rí fún mi." Wọ́n á sọ ọ́ títí oorun á fi gbé wọn lọ. Ìyá mi kì í sunkún mọ́.

Tẹ́ ẹ bá mọ ẹni tí wọ́n ń pe ìyá ẹ̀ ní àjẹ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí i. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.