Igba Ojú àti Àpò Ìjọba

Ojú mẹ́rin ní ń bímọ, igba ojú ní ń wò ó. Bàbá àti ìyá ló ni ojú mẹ́rin. Ará ilé, aládùúgbò àti gbogbo ìlú ló ni igba. Ohun tí òwe náà kò sọ ni ẹni tí yóò máa bọ́ àwọn tó ni igba ojú náà. Ní abúlé, ìyá àgbà tó ń ṣọ́ ọmọ kò gba owó oṣù. Ní ìlú ńlá òde òní, òṣìṣẹ́ ni ẹni tó ń wo ọmọ ọlọ́mọ: ó ń san owó ilé, ó ń wọ ọkọ̀, òfin sì ti sọ iye ọmọ tó gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní àwọn ilé ìtọ́jú ọmọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì kò gbọ́dọ̀ ju mẹ́ta lọ lọ́wọ́ olùtọ́jú kan, àwọn ọlọ́dún méjì kò sì gbọ́dọ̀ ju márùn-ún lọ. Òfin yìí dára, ṣùgbọ́n òun ló sọ ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ di ohun ọ̀wọ́n. Olówó a san án. Ọmọ tálákà ni kò ní ẹni tí yóò san án fún un àfi ìjọba.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọ̀kan náà ni gbogbo owó tí ìjọba ń ná lórí ọmọ tí kò tíì tó ọdún márùn-ún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oríṣi méjì ni. Àkọ́kọ́ ni owó tí a ń ná nítorí ọmọ: kí ara rẹ̀ le, kí ẹnu rẹ̀ là, kí ó má baà wọ ilé-ìwé nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ jìnnà. Èkejì ni owó tí a ń ná nítorí iṣẹ́ òbí: kí ìyá lè ráyè jáde, kí àwọn ilé-iṣẹ́ lè rí òṣìṣẹ́, kí owó-orí lè wọlé. Àwọn méjèèjì lè ra ohun ìṣeré kan náà, wọ́n lè san owó oṣù olùtọ́jú kan náà, ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n ń mú wọlé yàtọ̀. Owó ti ọmọ a máa wá ọmọ tálákà dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Owó ti iṣẹ́ a máa béèrè ibi iṣẹ́ òbí kí ó tó ṣílẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọmọ tí òbí rẹ̀ kò níṣẹ́ ló nílò ìrànwọ́ jù.

Kì í ṣe òní ni ìyàtọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1914, Margaret McMillan àti Rachel, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, dá ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi sílẹ̀ ní Deptford, ní gúúsù ìlà-oòrùn London, lágbègbè tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí gan-an lónìí. Inú ọgbà ni ilé-ẹ̀kọ́ náà wà, afẹ́fẹ́ ń wọlé ó ń jáde, wọ́n ń wẹ ọmọ, wọ́n ń fún un lóúnjẹ, ó sì ń sùn lọ́sàn-án. Àwọn tó ń wá síbẹ̀ jẹ́ ọmọ ilé tó há, tí àìsàn tí ń tẹ eegun ẹsẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n gbádùn. Ogun Àgbáyé Kìíní dé láìpẹ́, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ohun ìjà sì bẹ̀rẹ̀ sí í san owó fún ọmọ àwọn ìyá tó ń ṣe ọta ìbọn. Inú ọgbà kan náà, ebi kan náà, ṣùgbọ́n ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń ṣe ohun ìjà nìkan ni owó náà mọ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba ṣí ilé ìtọ́jú ọmọ káàkiri nítorí pé iṣẹ́ ogun nílò àwọn obìnrin. Ogun parí ní 1945, ìjọba dín owó rẹ̀ kù, ọ̀pọ̀ ilé náà sì tì. Àwọn ọmọ kò dínkù. Iṣẹ́ ogun ló tán.

Ilẹ̀kùn tó tì wọ̀nyí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá bá nígbà tí wọ́n dé Ìlú Ọba láàárín 1950 sí 1970. Ọkọ ń kọ́ ìmọ̀ òfin lálẹ́, ìyàwó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́ oòjọ́, inú yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé. Àyè tó wà ní ilé ìtọ́jú ọmọ ti ìjọba ìbílẹ̀ kò tó nǹkan. Wọ́n wá ń polówó nínú ìwé ìròyìn *Nursery World*, wọ́n ń wá obìnrin òyìnbó tí yóò máa bá wọn tọ́ ọmọ, tí wọn yóò sì máa sanwó fún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ṣe dàgbà ní àwọn ìlú kéékèèké Kent àti Sussex. Àwọn kan sọ pé àṣà àgbàtọ́ tí Yorùbá mú wá láti ilé ló fà á. Ìdajì òótọ́ nìyẹn. Ọmọ àgbàtọ́ ní ilé wà lójú ẹbí, ẹni tó gbà á mọ ìdílé rẹ̀, ó sì ń sọ èdè òbí rẹ̀. Ọmọ tó wà ní Kent kò ní èyí. Bí jẹ́lé-ó-sinmi tí ìjọba ń sanwó rẹ̀ bá wà nítòsí, púpọ̀ nínú àwọn òbí wọ̀nyẹn ì bá máa gbé ọmọ wọn wálé ní ìrọ̀lẹ́.

Ó tó 1998 kí ìjọba Ìlú Ọba tó gbé owó ti ọmọ kalẹ̀ ní ọ̀nà tó lágbára. Sure Start ni orúkọ ètò náà. Norman Glass, onímọ̀ ọrọ̀-ajé ní ilé-iṣẹ́ Ìṣúra, ló ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀. Gordon Brown, tí àpò ìjọba wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà, ló kéde £540 mílíọ̀nù fún ọdún mẹ́ta. Àwọn àdúgbò tí ìṣẹ́ pọ̀ sí jù ni wọ́n yàn. Gbogbo ìdílé tó ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin ní àdúgbò bẹ́ẹ̀ ló lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ẹnikẹ́ni kò béèrè ìwé owó oṣù, ojú kò sì ti ìyá kankan pé ibi àwọn òtòṣì ni òun ń lọ. Wọ́n fẹ́ kí ibùdó náà wà níbi tí ìyá lè ti kẹ̀kẹ́ ọmọ dé. Agbẹ̀bí ń rí aboyún níbẹ̀, wọ́n ń wọn ọmọ, wọ́n ń yá òbí ní ohun ìṣeré, wọ́n ń ran ọmọ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ́ lọ́wọ́, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń kan ilẹ̀kùn ìyá tí kò yọjú. Àwọn òbí àdúgbò wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń pinnu bí wọn yóò ṣe ná owó náà. Bí ìjọba kan bá ti fi owó kó igba ojú tí òwe ń wí jọ rí, ibẹ̀ ni.

Ìwádìí àkọ́kọ́ tó jáde ní 2005 kò mú inú ẹni dùn: àǹfààní tó hàn kéré, ó tilẹ̀ dà bíi pé nǹkan burú díẹ̀ fún ọmọ àwọn ìyá tó jẹ́ ọ̀dọ́langba. Àwọn kan pè é ní owó ṣòfò. Ojú ni wọ́n kán. Ní 2024, àjọ olùṣèwádìí Institute for Fiscal Studies tẹ àbájáde ìwádìí jáde lórí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn, tí wọ́n ti dàgbà tó láti ṣe ìdánwò GCSE ti ilé-ìwé girama. Àwọn ọmọ òtòṣì, ìyẹn àwọn tó ń jẹ oúnjẹ ọ̀fẹ́ nílé-ìwé, tí wọ́n gbé nítòsí ibùdó Sure Start kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún fi ipele mẹ́ta lápapọ̀ ju ẹgbẹ́ wọn tí kò rí irú ibùdó bẹ́ẹ̀ lọ. Kókó tí ọ̀pọ̀ ń fò nínú ìwádìí náà ni pé àwọn ibùdó àkọ́kọ́, tí owó wọn pọ̀ tí àwọn ará àdúgbò sì ń darí, ló so èso yìí. Àwọn tí wọ́n ṣí lẹ́yìn náà kò so ó. Lẹ́yìn 2003, ìjọba fẹ́ kí ibùdó kárí orílẹ̀-èdè. Wọ́n lé ní 3,000 nígbà tó fi di 2010, owó tó ń kan ọ̀kọ̀ọ̀kan kéré, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ òbí sì ti wọ inú rẹ̀. Norman Glass fúnra rẹ̀ kọ̀wé ní 2005 láti fi ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ hàn. Ní 2011, wọ́n da owó náà pọ̀ mọ́ owó mìíràn, ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n ń gé owó rẹ̀ lọ́wọ́ kan náà sì lè ná an síbi tó bá fẹ́. Àjọ Sutton Trust ṣírò ní 2018 pé ó ṣeé ṣe kí ibùdó tó ti tì láti 2009 tó 1,000.

Ó yẹ kí a mẹ́nu ba ìwádìí Perry, ti jẹ́lé-ó-sinmi kan ní Amẹ́ríkà, níhìn-ín, nítorí àwọn olóṣèlú fẹ́ràn láti fi jẹ́rìí pé èrè owó tí a bá ná lórí ọmọ wẹ́wẹ́ kì í kéré. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ 123 ni ìwádìí náà ní Ypsilanti, ìpínlẹ̀ Michigan, láàárín 1962 sí 1967, 58 nínú wọn ló sì wọ kíláàsì. Olùkọ́ tó kàwé gboyè ló ń kọ́ wọn, ọmọ bíi mẹ́fà ló ń kan olùkọ́ kan, olùkọ́ náà sì ń lọ sílé ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tó ń fi èrè Perry polówó ètò tí kò náwó tó bẹ́ẹ̀ ń wá ìkórè oko tí kò gbìn.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí, owó ti iṣẹ́ ti borí. Gbogbo ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta àti mẹ́rin ní wákàtí 15 lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 38 lọ́dún. Láti 2013 ni wọ́n ti ń fún àwọn ọlọ́dún méjì láti ilé òtòṣì ní wákàtí 15 náà. Ìdílé tó ń gba owó ìrànwọ́ Universal Credit kò gbọ́dọ̀ gba ju £15,400 lọ́dún lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn owó-orí kí ọmọ rẹ̀ tó wọlé. Láti 2018 ni iye yìí ti wà lójú kan, bí owó oṣù sì ṣe ń gòkè ni àwọn ọmọ ń bọ́ kúrò nínú ètò náà. Ti àwọn òṣìṣẹ́ ló ń gbòòrò. Wọ́n fún ọmọ wọn ọlọ́dún mẹ́ta àti mẹ́rin ní wákàtí 30 láti 2017, ó sì kan ọmọ wọn láti oṣù mẹ́sàn-án ní oṣù kẹsàn-án 2025. Òbí kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ máa gba, ó kéré tán, iye tí iṣẹ́ wákàtí 16 lọ́sẹ̀ ń mú wá ní owó oṣù tó kéré jù. Kò gbọ́dọ̀ ju £100,000 lọ́dún lọ. Wọ́n ní láti gba kóòdù kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì máa fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Tọkọtaya tí owó wọn jẹ́ £190,000 lọ́dún lè gbà á. Ìyá anìkàntọ́mọ tí kò ríṣẹ́ kò lè gbà á.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn Yorùbá tó wà níbẹ̀ tààrà. Ọ̀pọ̀ ìwé ìgbélùú, títí kan ti àwọn tó wá ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, ló ní àkọlé pé ẹni náà kò gbọ́dọ̀ gba owó ìrànwọ́ ìjọba. Bí tọkọtaya méjèèjì bá ní irú ìwé yìí, wọn kò lẹ́tọ̀ọ́ sí wákàtí 30, bí wọ́n tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n ń san owó-orí. Ohun tí púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀ ni pé wákàtí 15 ti gbogbo ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta àti mẹ́rin kò yọ wọ́n sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ti ọmọ ọlọ́dún méjì náà ti ṣí sílẹ̀ fún wọn láti 2022, bí owó tó ń wọlé fún wọn kò bá kọjá òdiwọ̀n. Kí òbí tó bá wà nírú ipò yìí lọ béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀.

Kì í ṣe dandan kí wákàtí ọmọ dúró lórí iṣẹ́ òbí. Ní Scotland, láti oṣù kẹjọ 2021, gbogbo ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta àti mẹ́rin ló ní wákàtí 1,140 lọ́dún, yálà òbí rẹ̀ níṣẹ́ tàbí kò níṣẹ́. Wákàtí 30 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 38, gẹ́lẹ́ bíi ti ọmọ òṣìṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nìyẹn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní oṣù keje 2025, ìjọba Ìlú Ọba kéde ibùdó tuntun, Best Start Family Hubs, tí yóò tó 1,000 ní 2028, pẹ̀lú owó tó lé ní £500 mílíọ̀nù. Ohun rere ni, ó sì jọ Sure Start. Ṣùgbọ́n kò fi wákàtí kan kún ti ọmọ tálákà. Ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta tí òbí rẹ̀ kò níṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń gba ìdajì ohun tí ọmọ òṣìṣẹ́ ń gbà, ọmọ oṣù mẹ́sàn-án tí òbí rẹ̀ kò níṣẹ́ kò sì ní wákàtí kan rárá.